Ẹ Jẹ́ Kí N Bá Yín Wo Òdì Rẹ̀

Òjò ti dá kí ilẹ̀ tó mọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ẹ mọ òjò Festac, bí àlejò tó ti dágbére àmọ́ tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ọ̀run rí bí aṣọ funfun tí wọ́n fi búlùú díẹ̀ sí omi ìṣanṣọ rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti ìhà ọ̀sà, ó tutù débi pé súwẹ́tà ọkọ mi ni mo wọ̀ lé aṣọ ilé, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà ẹ̀yìn ilé sì ń ké bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo nu tábìlì, mo jókòó.

Ọmọ ọmọ mi, Dáyọ̀, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àpò ọ̀rá kan lé orí tábìlì, kò sì wò mí lójú. Gáùn ló wà nínú àpò náà. Ó ní Màmá Satellite kí mi. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ni ìyẹn, aránṣọ bíi tèmi, Satellite Town ló ń gbé. Ó ní, "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti pàdé ihò apá aṣọ yìí rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Bánkì kan pè mí fún ìdánwò lọ́la. Mo máa lọ."

Iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ kóòdù, iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ohun tí kọ̀m̀pútà máa ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, torí yín ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Èmi kò mọ kóòdù. Aránṣọ ni mí, ìwé mẹ́rin ni mo kà, Bíbélì ló kọ́ mi ní ìyókù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè gbọ́ èsì tí mo fún ọmọ náà, ẹ ní láti kọ́kọ́ bá mi dé Alákijà, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ìjọba gba ọkọ mi síṣẹ́, wọ́n fún wa nílé ní Festac, mo ní mi ò ní máa jókòó wo ògiri. Obìnrin kan nínú ìjọ wa mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ níṣẹ́. Ó parí. Mo ti di ìyá ọmọ nígbà náà, àwọn kan tí mo bá níbẹ̀ kò tó mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ṣáájú ẹni dé ìdí maṣíìnì, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Àǹtí Fẹlí ni àgbà gbogbo wa, èmi wà láàárín, Rónkẹ́ ló dé kẹ́yìn.

Mọ̀dáámù là ń pe ọ̀gá wa. Obìnrin tó ga, tó tín-ín-rín, tí kì í pariwo. Bí o bá rán aṣọ wọ́, kò ní bú ọ. Yóò mú aṣọ náà, yóò rọra gbé e lé ọ lẹ́sẹ̀, yóò sọ pé, "Tú u." Òun náà nìyẹn. Bí o bá tú u tán tí o tún un rán tí ó tún wọ́, yóò tún gbé e dé: "Tú u." Mo tú aṣọ títí tí mo fi ń tú aṣọ lójú àlá. Fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ ni mo ń ṣà, aáyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo ń fẹ́ná sí. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ní ṣé kí òun bá mi bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi mí sílẹ̀ kí n máa tú. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ tí n kò tíì mọ̀ nígbà náà: ẹni tó bá mọ bí aṣọ ṣe ń tú kì í bẹ̀rù àṣìṣe mọ́.

Ohun tó le jù lọ́dọ̀ Mọ̀dáámù ni ọ̀rọ̀ pátánì. Pátánì ni bébà tí a fi ń gé aṣọ, tí a gé ní àwòrán iwájú, ẹ̀yìn àti apá. Bébà àpò sìmẹ́ńtì ni tiwa. Ara ògiri ni Mọ̀dáámù ń fi wọ́n kọ́ sí, ó sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìyá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan ìyá. Bí o bá ń ṣiṣẹ́, wàá gbé bébà lé e, wàá ya tìrẹ, ìyẹn ni ọmọ. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe sí ọmọ. Bí ohun tí o ṣe bá wá dára tó bẹ́ẹ̀ tí o fi rò pé ó yẹ kí gbogbo wa máa lò ó, wàá gbé e wá sórí tábìlì, wàá sọ ohun tí o yí àti ìdí tí o fi yí i, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá dára, ọmọ á di ìyá tuntun. Ìyá àtijọ́ kò ní di pípatì o, ẹ̀yìn tuntun ni a máa fi kọ́ sí, bóyá ọjọ́ kan á wà tí a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá sì máa yẹ iṣẹ́ wò, aṣọ ni o, pátánì ni o, òdì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí sókè. Mọ̀dáámù máa ń sọ pé ojú aṣọ mọ irọ́ pa, òdì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pa. Bí iṣẹ́ kan bá bàjẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ta ló wo òdì rẹ̀?"

Ìjọ kan nítòsí wa gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wọn wá, gáùn gígùn, fún ìdúpẹ́ ìkórè. A rán ẹyọ kan fún wọn láti wò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá Mọ̀dáámù kú ní Ìjẹ̀bú, ó lọ sin òkú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Àǹtí Fẹlí.

Àwọn obìnrin akọrin wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní gáùn náà há lábẹ́ abíyá, wọn kò lè gbé ìwé orin sókè. Rónkẹ́ nìkan ni wọ́n bá. Ọwọ́ ọmọ yẹn yá, ó sì fẹ́ kí Mọ̀dáámù dé kó bá nǹkan rere. Ó ya ọmọ láti ara ìyá, ó sọ ihò apá kalẹ̀ ní ínṣì kan, ó fi ọmọ náà kọ́ sí ipò ìyá. Kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin yìí kan náà pàdé Àǹtí Fẹlí lọ́nà ọjà, wọ́n tún ròyìn abíyá fún un. Àǹtí Fẹlí wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìyá sílẹ̀, kò mọ̀ pé tuntun ni, ó ya ọmọ láti ara rẹ̀, ó sọ ihò apá kalẹ̀ ní ínṣì kan. Iṣẹ́ rere kan náà, ènìyàn méjì ṣe é.

Títí dé ibẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Àǹtí Fẹlí kò fo òfin. Ó gbé bébà rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Rónkẹ́, wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Maṣíìnì ni mo ń fi ẹsẹ̀ wà lọ́wọ́, mo gbọ́, mo gbójú sókè. Rónkẹ́ tẹ̀ síwájú. Ó wò ó. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sì padé. Ó ní, "Ó dára, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n to aṣọ léra, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn akọrin kó aṣọ wọn ní Sátidé, wọ́n ti gbọ́ pé a ti tún un ṣe, ẹnì kankan kò wọ̀ ọ́ wò. Ní Sọ́ńdè, wọ́n dìde láti kọrin. Ẹ̀yin tí kò rán aṣọ rí lè rò pé bí ihò apá bá ti fẹ̀ jù, ara á kàn rọ ènìyàn ni. Rárá o. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ jù, ó ti so apá mọ́ ìhà nìyẹn, bí o bá gbé ọwọ́, gbogbo aṣọ ni yóò bá ọ gòkè. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú orin náà, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin gbé gáùn dé orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà. Yẹ̀rì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yọ síta. Wọ́n yára sọ ọwọ́ kalẹ̀, aṣọ balẹ̀. Orin tún dé ibẹ̀, wọ́n tún gbàgbé, aṣọ tún gòkè. Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ló bá ràn ká gbogbo ìjókòó. Mọ̀dáámù ti dé láti Ìjẹ̀bú, ìlà kejì ló jókòó sí nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, gbogbo gáùn padà wá. Mọ̀dáámù tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, ó yí òdì rẹ̀ sókè. "Ta ló wo òdì rẹ̀?"

Rónkẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní òun rí i pé ó ti di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n òun rò pé bí òun bá sọ ọ́, yóò dà bí ìgbà tí òun ń kọ́ ẹ̀gbọ́n òun níṣẹ́. Àǹtí Fẹlí fọwọ́ lérí. "O rí i, o jẹ́ kí n gé e?" Gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni Rónkẹ́ máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ó ti ń wo ibi tí àpò rẹ̀ wà.

Mọ̀dáámù yí gáùn náà padà sí ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Rónkẹ́ kọ́ ló gé aṣọ yìí. Fẹlí kọ́. Ọ̀wọ̀ tí mo fi kọ́ yín ló gé e."

Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, bí iṣẹ́ bá dé orí tábìlì, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí àgbà bá ti sọ pé ó dára, kí ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé tún fẹ́ sọ? Ó sì fún wa ní bí a ó ṣe máa sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun kò rí ọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo òdì rẹ̀." Ó ní kí o kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí o bá fẹ́, kí o dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́. Àwọn Yorùbá ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Òwe yẹn dára nílé àna. Orí tábìlì ìgéṣọ kò gbà á.

A fi àlẹ̀mọ́ sí abíyá gbogbo gáùn náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Fẹlí àti Rónkẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí Rónkẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo òdì rẹ̀." Àǹtí Fẹlí na aṣọ sí i. "Gbà. Wò ó dáadáa o, ẹnu rẹ kò gbọ́dọ̀ padé lónìí." Àwa yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo gba òmìnira, ibi tí ọkọ mi ń gbé mọ́tò sí ní Festac ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà kan ní Mile 2 bá mi kan tábìlì ńlá, mo kan tépù mọ́ etí rẹ̀ kí ọmọṣẹ́ kankan má bàa wí pé òun kò rí tépù. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ dà bí ẹṣin tó ń rìn lórí afárá. Nígbà tó yá, oníná dé. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nígbà tí ẹsẹ̀ aṣọ kù díẹ̀, wàá kàn káwọ́ gbera ni, mo sì máa ń wo maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bíi pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Aáyọ́ọ̀nù eléèédú lọ. Maṣíìnì tó ń dí etí aṣọ dé, èyí tí a máa ń fi ọwọ́ ṣe pẹ̀lú abẹ́rẹ́ títí ojú á fi ro wá. Òkìrìkà dé, àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ télọ̀ ti kú. Kò kú. Ara ènìyàn kò dọ́gba, ibi tí ara kò bá ti dọ́gba, aṣọ tí wọ́n rán sílẹ̀ láìwọn ọ́ kò lè bá gbogbo ènìyàn mu.

Mo kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ níṣẹ́ lórí tábìlì yẹn. Òfin Mọ̀dáámù ni mo lò: ìyá lára ògiri, ọmọ lọ́wọ́, àbúrò ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá kan wá bá mi jà nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ń yájú nílé, ó ní òun fẹ́ bá bàbá òun wo òdì ọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé orí tábìlì ìgéṣọ ni òfin náà pin sí.

Ojú ló dá mi dúró. Nígbà tó di pé ọmọṣẹ́ ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ó ti tó. Ọmọ mi ọkùnrin ti ra sólà sí òrùlé, iná kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ sì ṣófo. Dáyọ̀ ló ní ṣé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun lè máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Báyìí ni àwọn oníkóòdù ṣe gbé láptọ́ọ̀pù lé orí tábìlì ìgéṣọ mi. Gbénga ló dàgbà jù nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ tí Dáyọ̀ ń pè ní Bọ̀dá Gbénga. Emeka ló tẹ̀ lé e, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Festac, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ọmọ mi lọ. Dáyọ̀ ló kéré jù.

Ohun tí wọ́n ń ṣe wù mí. Áàpù kan ni, fún àwa aránṣọ. O máa kọ ìwọ̀n ara ènìyàn sí i, òun yóò ya pátánì rẹ̀ jáde lórí bébà. Pátánì tèmi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo máa ń jókòó lórí àga mi, mo ń gbọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń gbọ́ ṣáá: "Ṣé o ti mẹ́jì?" "Mi ò tíì mẹ́jì." "Jọ̀ọ́, má tíì mẹ́jì o." Mo fara dà á fún ọjọ́ díẹ̀, mo wá bi wọ́n pé èwo ni ti mẹ́jì, mẹ́jì, tí ẹ kì í kà á dé mẹ́ta?

Emeka rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò lórí tábìlì. Dáyọ̀ ló ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, merge, ó kàn dún bíi méjì létí mi. Ó ní kóòdù ọ̀hún, ọ̀kan ni ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ló ń lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe yóò ya tirẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Bó bá parí, yóò gbé e wá, yóò kọ ohun tó yí sí i àti ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí onítọ̀hún bá ní ó dára, wọn yóò pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ìyẹn ni mẹ́jì. Èyí àtijọ́ sì wà nípamọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i.

Mo wo ògiri mi. Ìṣó tí mo fi ń kọ́ pátánì ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ, mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí àárọ̀ òjò yẹn, àti gáùn inú àpò ọ̀rá. Aṣọ funfun lásán ni wọ́n fi rán an, láti dán pátánì tí áàpù yà wò lára mi, nítorí mo fẹ́ wọ èyí tó dáa lọ dúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi ní ìjọ. Màmá Satellite ni wọ́n bẹ̀ pé kó rán an. Mo gbé e wọ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè. Gáùn gòkè dé orúnkún mi.

Dáyọ̀ bo ojú. Ó wá sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀. Àwọn aránṣọ kan ní aṣọ ń há lábẹ́ abíyá. Òun Dáyọ̀ sọ ihò apá kalẹ̀ ní apá ibi tí kóòdù ti ń ya pátánì, Emeka yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọlé. Bọ̀dá Gbénga gbọ́ ẹjọ́ kan náà lẹ́nu ẹlòmíràn, òun fi kún un láti ibi tí ìwọ̀n ti ń wọlé. Kọ̀m̀pútà kò kìlọ̀ fún ẹnì kankan, nítorí ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn yàtọ̀ síra. Bọ̀dá Gbénga ní kí Dáyọ̀ bá òun yẹ tòun wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí i.

Ó ní, "Màmá, mo rí i. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn? Mo tẹ̀ ẹ́ pé ó dára."

Ó ní tó bá jẹ́ pé ohun tí òun rí kò lè ti ẹnu òun jáde, iṣẹ́ náà kò yẹ òun, bánkì ló yẹ òun.

Mo bọ́ gáùn náà. Mo sọ fún un nípa akọrin tó gbé aṣọ sókè, àti ọmọṣẹ́ tó ní ó dára, ẹ̀gbọ́n. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo ní, "O mọ ọmọṣẹ́ náà. Òun ló rán gáùn yìí."

Ó wò mí. "Màmá Satellite? Àwọn?" Obìnrin tí gbogbo aránṣọ Amuwo ń lọ bá bí iṣẹ́ bá dojú rú, tí ọ̀gá télọ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Mo ní, "Àwọn náà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn ti pàdé ihò apá yìí rí. Wọ́n mọ̀ pé màá sọ fún ọ."

Mo kàn sọ fún un pé ọ̀nà tí Rónkẹ́ fi bọ́ nínú ẹ̀ ni pé ó la ẹnu lójú gbogbo wa. Bó bá wá fẹ́ lọ sí bánkì lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ, èmi kò ní dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó má fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu lọ.

Kò pẹ́ tí Gbénga àti Emeka dé, omi òjò lára bàtà wọn. Wọ́n kí mi, wọ́n ṣí láptọ́ọ̀pù. Dáyọ̀ dìde dúró. Mo rí i tí ó di etí tábìlì mú, lórí tépù tí mo kàn mọ́ ọn.

"Bọ̀dá Gbénga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo òdì rẹ̀."

Gbénga ní, "Òdì kí ni?"

Dáyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Gbénga gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O rí i?"

"Mo rí i, sà."

"O sì tẹ̀ ẹ́ pé ó dára?"

Emeka ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Gbénga, ta ló fẹ́ bá yín jiyàn? Ọjọ́ tí mo ní kóòdù yín ti gùn jù, ṣé ẹ bá mi jẹun lọ́sàn-án?" Gbénga fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ojú. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun náà ìbá ti wo ohun tí Dáyọ̀ ti ṣe kí òun tó fi tòun kún un, òun rò pé òun mọ̀ ọ́n tán ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ó wá ní kí n wá wo nǹkan. Ó fi orúkọ ẹni tó yí i kẹ́yìn hàn mí, tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ó tẹ nǹkan díẹ̀, ohun tó fi kún un sì kúrò níbẹ̀. Kóòdù padà sí bó ṣe wà kó tó kàn án, pẹ̀lú iṣẹ́ Dáyọ̀ nínú rẹ̀. Ó tẹ pátánì tuntun jáde. Ihò apá dúró síbi tó yẹ kó dúró.

Ẹ̀yin ọmọ, mo jókòó. Gbogbo ayé mi ni mo fi gé aṣọ, èmi kò rí aṣọ tí a gé tó padà di odindi rí. Àlẹ̀mọ́ la fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aṣọ. Àwọn ọmọ yìí ní iṣẹ́ tó ṣe é tú dé ìbẹ̀rẹ̀ láìfi ojú àpá sílẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ jù bí a ṣe bẹ̀rù sísọ́ọ̀sì lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Emeka ní kí n wá máa ṣe ọ̀gá wọn. Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì.

Gbénga ní kí n sọ òfin ọ̀gá mi fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, Dáyọ̀ ni yóò máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Emeka yóò tẹ̀ lé e, òun yóò sọ tòun kẹ́yìn. Bẹ́ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ máa wò ó pé ta ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Dáyọ̀ kò dárúkọ bánkì. Ó kó láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Èmi náà kò bi í.

Ní ọjọ́ kejì, mo tètè jí. Oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ti gbẹ, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti dákẹ́. Mo mú àńkárá tí mo ti fi pamọ́ fún ìdúpẹ́ mi jáde, èyí tí wọ́n ya ẹyẹ sí, tí gbogbo ẹyẹ ń fò lọ sókè. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo to pátánì tuntun náà lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Mo wo aago ara ògiri. Àkókò tí Dáyọ̀ sọ pé ìdánwò bánkì máa bẹ̀rẹ̀ ti kọjá. Mo gbé sísọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ Dáyọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé àpò láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀, ó wá di etí kejì aṣọ náà mú fún mi, bí ìgbà tó wà ní kékeré. Mo ṣí ẹnu sísọ́ọ̀sì.

"Màmá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wo òdì rẹ̀ ná."

Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka lé pátánì apá òsì.

"Àwọn ẹyẹ ibí yìí ń dorí kodò."

Mo wọ awò ojú mi. Òótọ́ ni, mo ti dorí pátánì apá náà kodò, ilẹ̀ ni ẹyẹ rẹ̀ ì bá máa fò lọ. Mo gbé sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn kó lè ráyè dé ìdí tábìlì.